MoCA, MMSE àti àwọn ẹgbẹ́ wọn níwájú adájọ́: kí ni owó yín ń rà?

Ìlà kan ló sábà máa ń gba ojú lọ́yà nínú rìpọ́ọ̀tù dókítà lórí àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé: "MoCA 17/30." MoCA ni ìdánwò ráńpẹ́ tí dókítà fi ń yẹ ìrántí àti ìrònú wò. Ọmọ tó fẹ́ gba àṣẹ lórí ilé bàbá á ní ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ tí kò fara mọ́ ọn á wá dókítà tirẹ̀, onítọ̀hún á sì gba 23 lọ́wọ́ bàbá kan náà. Kóòtù kò béèrè 17, kò sì béèrè 23. Nílé ìwòsàn, àwọn ìdánwò ráńpẹ́ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, a ò bá wọn jà níbẹ̀. Ohun tí à ń yẹ̀ wò níbí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe bí wọ́n bá gbé wọn dé kóòtù, pàápàá ní England àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún ti ń darúgbó, tí ilé, owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ìhágún wọn sì ń di ohun tí ẹbí ń gbé lọ sọ́dọ̀ adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ MoCA, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Dókítà Ziad Nasreddine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal ló gbé e jáde ní 2005. Ojú ìwé kan ni, máàkì 30, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba 26 sókè, wọ́n á ní kò sí ewu. Ẹni tí kò bá lò ju ọdún 12 lọ nílé ìwé, wọ́n á fi máàkì kan ṣe èènì fún un. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé e jáde, ó mú ẹni 90 nínú 100 lára àwọn tí iyè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín kù, nígbà tí MMSE, ìdánwò tó ti wà ṣáájú rẹ̀, mú 18 péré. Ó yẹ kó gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ á kó ohun tí a ò fẹ́: nínú ìwádìí kan náà, bíi 13 nínú 100 lára àwọn tí ara wọn dá ló bọ́ sábẹ́ 26. Ní 2018, àwọn olùwádìí tó pa àbájáde oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀ ní 23 ló yẹ kó jẹ́ ààlà. Ìdí nìyí tí ẹni kan náà fi lè jẹ́ aláìsàn lọ́wọ́ dókítà kan, kó sì jẹ́ ẹni tó dá ṣáṣá lọ́wọ́ èkejì, láìsí pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. Bí rìpọ́ọ̀tù bá dárúkọ máàkì láìsọ ààlà tó lò, tí kò sì sọ ìdí tó fi lò ó, ẹ dá a padà.

Ìṣòro tó tóbi jù wà níbi tí máàkì ti ń bọ́. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún aláìsàn, wọ́n á ní kó tún wọn pè lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún: máàkì 5 nìyẹn. (A ò ní tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà síbí, àwọn tó ti tẹ̀ wọ́n síta ti bà á jẹ́ tó.) Ọjọ́ nínú oṣù, ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, oṣù, ọdún, ibi tó wà àti ìlú: máàkì 6. Àrùn ìgbàgbé Alzheimer kì í pẹ́ kó tó gbá ìpín méjèèjì yìí lọ. Ẹni tó bá pàdánù 9 nínú 11 náà ti wà ní 21 kí wọ́n tó kan ibòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ìyókù ló gbà.

Wàyí o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin. Abala 3 nínú Mental Capacity Act 2005 béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé ó yé e, ṣé ó lè mú un sọ́kàn, ṣé ó lè gbé e yẹ̀ wò kó fi pinnu, ṣé ó lè sọ ìpinnu náà jáde lọ́nàkọnà. Lórí mímú sọ́kàn, ìpín kẹta abala yẹn kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí ènìyàn bá tiẹ̀ lè rántí ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ péré, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé kò lè pinnu. Ìyá kan lè gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ márùn-ún, kó má mọ̀ bóyá Tuesday ni tàbí Thursday, síbẹ̀ kó sọ fún yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pé òun kò lọ sílé ìtọ́jú àgbà, torí òru ni òun ń bẹ̀rù, àti pé bí ẹni kan bá ń sùn ti òun, òun fara mọ́ gbogbo ìyókù. Ó mọ ohun tó wà ńlẹ̀, ó mọ ewu rẹ̀, ó sì ti wọ̀n ọ́n.

Ìdàkejì rẹ̀ ló léwu jù, torí kò ní hàn nínú máàkì. Àwọn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní frontotemporal dementia, lè gba 27 tàbí 28. Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n ya aago, wọ́n rántí ọ̀rọ̀. Ohun tó ti lọ ni ìjánu: wọ́n á fi owó ilé ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò tíì rí rí, bí ẹ bá sì bi wọ́n, wọ́n á ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún yín geerege, wọ́n á tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí lọ́yà bá gbé MoCA 28 wá láti fi hàn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bójú tó owó rẹ̀, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà.

Ní 2021, nínú ẹjọ́ A Local Authority v JB, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó tò: kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni náà lè ṣe ìpinnu tó wà ńlẹ̀, bí kò bá lè ṣe é, ìgbà náà ni kí o béèrè bóyá àìsàn ọpọlọ ló fà á. MoCA kò ní nǹkan kan í sọ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Orí èkejì ló ti wúlò, ibẹ̀ náà sì ni àwa máa ń fẹ́ rí i nínú rìpọ́ọ̀tù, ní ojú ewé kẹjọ tàbí kẹsàn-án, kì í ṣe ní ìlà àkọ́kọ́.

Bí aláìsàn bá jẹ́ àgbà Yorùbá, ọ̀rọ̀ tún wá kọjá bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú MoCA ní kí ènìyàn dá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F láàárín ìṣẹ́jú kan. 11 sókè ni máàkì kan. Bí ògbufọ̀ bá gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa kì í sábà fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà fà, fò, fẹ́, fún ni màmá á máa kó jọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ bíi fìlà àti fóònù. Fọ, fọ́ àti fọ̀ ńkọ́? Mẹ́ta ni létí tiwa. Létí dókítà tí kò gbọ́ ohùn, ẹyọ kan tó ń pè ní àpètúnpè ni. Bó bá dá fò tán tó tún dá fífò, ìlànà ìdánwò náà ní kí á má ka ọ̀rọ̀ tó wá láti orísun kan náà, síbẹ̀ ẹni tó ṣe ìlànà yẹn kò ro Yorùbá mọ́ ọn. Apá míì ní kó fi ọwọ́ gbá tábìlì nígbàkígbà tó bá gbọ́ lẹ́tà A. Ẹni tí kò kàwé á jókòó, á máa wò yín.

Yíyọ 7 léraléra láti orí 100 náà wà níbẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò kan ni. Ní Yorùbá, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti yọ ọ́ tán, ó tún kù kó pè é: 86 jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, 79 jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyọkúrò tún wà nínú pípe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó fi èdè tó fi ń ná ọjà kà á, kí ẹ sì kọ èdè náà sínú rìpọ́ọ̀tù. Ẹ tún rántí bí wọ́n ṣe ń fún un ní máàkì: ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Ẹni tó ní 92 ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá ní 85 tẹ̀ lé e, ó gbà á. Ọ̀pọ̀ rìpọ́ọ̀tù ló ń fi òdo síbẹ̀ látorí àṣìṣe àkọ́kọ́, máàkì tó lè tó mẹ́ta á sì fò lọ lásán.

Nípa ẹni tó ń túmọ̀, ọmọ aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ògbufọ̀, pàápàá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́. Kò dìgbà tó bá purọ́. Bí ìyá bá dákẹ́, ọmọ á ní, "Ẹ rántí o, Mummy, èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ," ó ti sọ ọ́ tán. Ògbufọ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ nílò kí dókítà bá a jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, ibi tí kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ ka, àti pé àwítúnwí gbólóhùn gbọ́dọ̀ bára mu lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn pàápàá, òdòdó kan wà níbẹ̀ tí kò hù nílẹ̀ wa. Bí ògbufọ̀ bá fi "òdòdó" lásán rọ́pò rẹ̀, ìdánwò mìíràn ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 30 tó wọlé láìkí ni, tó ní kí bàbá ẹni 84 sọ ọdún tó wà, á gbọ́ "Ṣé ìwọ ò mọ̀ ọ́n ni?" Ìkọ̀sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀, òdo tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn. Kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n sọ fún un pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi, kí wọ́n sì kọ ohun tó sọ gan-an.

Láti January 2018, tí dókítà ààrẹ Amẹ́ríkà ti kéde pé Donald Trump gba 30 nínú 30, ojú ìwé MoCA ti wà nínú ìwé ìròyìn kárí ayé. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sórí á rí i. Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà ní Gẹ̀ẹ́sì, 8.1, 8.2 àti 8.3, bí dókítà méjì bá máa rí ẹnì kan láàárín oṣù kan, kí èkejì béèrè èyí tí àkọ́kọ́ lò. Kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń mú ẹni tó ń díbọ́n. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹni tó gba 6 ṣùgbọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin méjì wá fúnra rẹ̀, tó sì mọ ìgbà tí ìpàdé tó kàn máa wáyé, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìdánwò tí wọ́n ṣe fún irú ìbéèrè yẹn, bíi TOMM.

MMSE kò pọ̀ ní ọ̀rọ̀. Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1975, máàkì 30, 24 ni ààlà tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Owó àṣẹ lílò wà lórí rẹ̀ báyìí, ó máa ń fojú fo ẹni tó kàwé jù, ó sì ń jẹ ẹni tí kò kàwé níyà. Gbólóhùn tó ní kí ènìyàn tún sọ kò ní ìtumọ̀ kankan bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dára fún ní kóòtù ni pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́: bí ẹ bá rí MMSE 2009, 2012 àti 2015 fún ẹnì kan náà, ẹ ó rí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

6CIT ni ẹ ó rí jù nínú ìwé dókítà àdúgbò. Ìbéèrè mẹ́fà, máàkì 28, ó sì yí orí padà: bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ ni nǹkan ṣe ń burú, 8 sókè ni ìfura bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà tí kò mọ̀ á rí 24/28, á máa yọ̀. ACE-III ló tẹ́ wa lọ́rùn jù nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe lójú kan: máàkì 100, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ààlà méjì ní 88 àti 82, ó sì pín sí márùn-ún (àfiyèsí 18, ìrántí 26, yíyára dá ọ̀rọ̀ 14, èdè 26, ojú àti àwòrán 16), débi pé adájọ́ lè rí ibi tó ti fọ́. Ó béèrè orúkọ olórí ìjọba Britain. Ní 2022, ẹni mẹ́ta ló di ipò yẹn mú lọ́dún kan, ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó fi òdo sí i.

Àwọn tó mọ̀ nípa tiwa á béèrè ti Ìbàdàn. Òtítọ́ ni. CSI-D ni ìdánwò tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jùmọ̀ lò láti 1992 láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n dán an wò lórí Yorùbá, wọ́n sì ṣe é kí ìwé kíkà má bàa gbé ẹnì kan ga ju ẹlòmíràn lọ. Látinú iṣẹ́ yẹn ni àbájáde 2001 ti jáde, pé 1.35% lọ́dún ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àrùn ìgbàgbé ní Ìbàdàn, 3.24% ní Indianapolis. Ìbàdàn náà ni wọ́n ti dán Stick Design Test wò, tí ènìyàn ń fi igi ìṣáná to àwòrán dípò bírò. Ẹni tí kò di bírò mú rí kò ní tijú. IDEA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania, gba ọ̀nà kan náà: máàkì 15, 7 sísàlẹ̀ ni ìfura ńlá. Fún àgbà tí kò kàwé, a ó gba èyíkéyìí nínú wọn ṣáájú MoCA. Àbùkù méjì ló wà: àgbà tó ti lo ogójì ọdún ní Peckham kì í ṣe àgbà Ìdíkàn, CSI-D sì gbára lé ẹni tó mọ aláìsàn láti sọ bó ṣe ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá ń du ilé, ẹ wá aládùúgbò tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìbéèrè England láti ìgbà R v Pritchard, 1836, ni bóyá ẹni náà lè jẹ́jọ́: kó lóye ẹ̀sùn, kó lè sọ bóyá òun jẹ̀bi, kó lè bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lè tẹ̀ lé ohun tó ń lọ, kó lè jẹ́rìí. Dókítà méjì ni òfin 1964 ń fẹ́, adájọ́ ló sì ń pinnu. Pé ó gbàgbé ohun tó ṣe kò tó; R v Podola ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1959. Ní Amẹ́ríkà, nínú Madison v. Alabama ní February 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ohun tó jọ ọ́ lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa: pé kò rántí ìwà ọ̀daràn náà kò gbà á, ṣùgbọ́n bí àrùn ìgbàgbé bá mú kí ó má lè lóye ìdí tí wọ́n fi fẹ́ pa á, wọn ò gbọdọ̀ pa á. Kò sí máàkì tó lè dáhùn ìyẹn. Ohun èlò tó sún mọ́ ọn ni MacCAT-CA ti Amẹ́ríkà, ìbéèrè 22 lórí bí kóòtù ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ẹjọ́ ẹni náà gan-an, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má fi rọ́pò Pritchard. Ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti ti Abuja, abala 278 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ACJA 2015, ló ń darí adájọ́ tó bá fura sí ọpọlọ olùjẹ́jọ́.

Ní ti ìwé ìhágún, Banks v Goodfellow ti 1870 ṣì ni òṣùwọ̀n, ní England àti nílé: ṣé ó mọ̀ pé ìwé ìhágún ni òun ń ṣe, ṣé ó mọ ohun tí òun ní, ṣé ó mọ àwọn tó yẹ kí òun rántí, ṣé kò sí ìtànjẹ ọkàn tó ń darí rẹ̀. Kí dókítà béèrè àwọn yìí tààrà. "Ilé mélòó lẹ ní, Bàbá? Ti Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ọmọ mélòó? Kí ló dé tí Táíwò kò sí níbẹ̀?" Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu, kó sì fi wé àkọsílẹ̀ ohun ìní. MoCA oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kò sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, pàápàá bó bá jẹ́ irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy body, tó máa ń yàtọ̀ láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Kí ẹ tó san owó fún rìpọ́ọ̀tù, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà iṣẹ́ pé ẹ fẹ́: ìpinnu tí kóòtù ń béèrè gan-an, aago tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, bóyá gíláàsì àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà lójú àti létí, tí bátìrì sì wà nínú rẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, torí àrùn ilé-ìtọ̀ lè dà orí àgbà rú fún ọjọ́ mélòó kan, oògùn tuntun, pàápàá oògùn oorun, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọdún tó lò nílé ìwé, èdè àti orúkọ ògbufọ̀, ẹni tó wà nínú yàrá, ẹ̀dà ìdánwò, máàkì ìpín kọ̀ọ̀kan, àti ojú ìwé tí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya aago sí. Bí dókítà bá ní àpapọ̀ máàkì nìkan lòun máa ń fi sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.